Okùn Tó Gba Etí Bébà Jáde

Málàmá Tàlátù fi ìwé ìròyìn wé wọn wá,
mẹ́rin péré. Ó ní kí n fi férémù sí wọn kí Sálà tó dé.
Ó ní láti Jàpáànù ni, nígbà tóun ṣì wà lọ́mọge,
tí ìjọba rán òun lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́.
Mo nu ọwọ́ mi mọ́ ṣòkòtò lẹ́ẹ̀mejì
kí n tó fọwọ́ kan bébà.

Mo ti fi férémù sí fọ́tò gómìnà,
sí ti ìyàwó, sí ti òkú, sí ìwé-ẹ̀rí ẹni tí kò ríṣẹ́.
Irú èyí kò dé Sábọ̀n Gàrì Záríà rí.
Igi ni wọ́n fín, Málàmá wí, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.
Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, pátákó tirẹ̀:
aró ní tirẹ̀, osùn ní tirẹ̀,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tí òtútù mú pọ́n díẹ̀,
òun náà ní tirẹ̀.
Ẹnìkan jókòó, ó gbẹ́ odidi pátákó
nítorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Nínú èkíní, ọdún tuntun ni: òkòtó ń pòòyì,
ọmọdé mẹ́ta ká a mọ́, ẹnu wọn là sílẹ̀.
Nínú èkejì, wọ́n fi yìnyín mọ ajá.
Yìnyín tiwa, tó bá já lu páànù tán,
kì í dúró kó o fi mọ nǹkan.
Nínú ẹ̀kẹta, ẹja aláṣọ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú afẹ́fẹ́,
wọ́n so ó mọ́ ọ̀pá lórí ilé tó ní ọmọkùnrin.
Ẹ̀kẹrin ló dá mi dúró.

Ọmọ mẹ́rin gbójú sókè, okùn kan wà lọ́wọ́ èyí tó kéré jù.
Okùn náà gòkè, ó gòkè, ó gba etí bébà jáde.
Kò sí àwòdì bébà níbẹ̀.
Ẹni tó fín in kò fín ohun tó wà lókè.

Iṣẹ́ mi sì ni kí n fi káàdì bo etí bébà,
ìbú ìka kan yíká, kó lè gún.
Mo gbé rúlà. Mo gbé e sílẹ̀.

Ní Túdùn Wádà, nígbà ọyẹ́, èmi àti Láwàlì
a máa ń fi bébà sìmẹ́ńtì ṣe àwòdì,
ẹyọ ìgbálẹ̀ ni egungun rẹ̀, ẹ̀kọ àná ni gọ́ọ̀mù.
Ètè wa á là, ẹsẹ̀ wa á funfun báláú.
Òun ló lè sáré, èmi ni mo mọ bí a ti ń tú okùn sílẹ̀.
Ó ń wa tírélà báyìí, tàbí ó ti fi í sílẹ̀.
Nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù mi. Bí mo bá pè é,
obìnrin kan ló ń dáhùn, á ní nọ́ńbà náà kò sí.

Lẹ́yìn ìṣínu, wọ́n mú iná lọ, àwọn ọmọ táṣè sì dé,
wọ́n ń lu agolo wàrà láti ojúlé dé ojúlé.
Yálwà, ọmọ onítáyà, fi òwú ṣe irùngbọ̀n,
ó tẹ̀ bí arúgbó, ó ń wúkọ́, ó ń bú gbogbo wa.
Mo rẹ́rìn-ín. Tọ́ọ̀ṣì wọn bọ́ sórí tábìlì mi.
Wọ́n dákẹ́.

Gàmbó ní ẹyẹ ló wà lókè okùn yẹn.
Àbúrò rẹ̀ ní irọ́ ni, ọkọ̀ òfuurufú ni.
Yálwà kò sọ nǹkan kan. Ó fi ojú tẹ̀ lé okùn
dé etí bébà, ó bá a kọjá etí bébà,
ó gbé irùngbọ̀n sókè, ó ń wo òrùlé mi.
Gbogbo wọn wo òkè.
Èmi náà, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, òòlù lọ́wọ́,
mo wo páànù tó ti ń jò, àti ìràwọ̀ kan
tó ń yọjú láti ojú ihò ìṣó.

Málàmá wá ní ọjọ́ kẹta. Ó yẹ iṣẹ́ wò.
Ó ní, "Ẹ̀kẹrin yìí, o kò bo òkè rẹ̀."
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Ó yọ igba náírà nínú owó mi.
Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró,
ó tún gbé e sókè nínú oòrùn, ó wò ó pẹ́.
Kò dá igba náírà padà.